Láfún Inú Rọ́bà Pupa

Olóòtú wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ ní ká fi ohun tá a sè lálẹ́ òní ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Aláró ni mí n'Íjemọ̀.

Ọkà láfún ni mo rò fún ìyá ọkọ mi. Wọ́n ti ń fọwọ́ kí n tó rí i pé ọkà náà ń fà sí àwọ̀ ewé. Háà! Rọ́bà pupa ni mo ti bù ú, láfún tí mo ti po kẹ́míkà mọ́ láti fi ya àdìrẹ. Mo já àwo gbà, mo dà á nù. Mi ò lè sọ ìdí ẹ̀, torí wọn ò yéé kìlọ̀ fún mi pé kí n má gbé rọ́bà yẹn wọ kíṣìnì. Ni wọ́n bá ń sunkún pé mo ń fi oúnjẹ du àwọn.

Ìyẹn kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí. Láfún náà ni mo rò lánàá. Kò síná, mi ò sì rántí rọ́bà tí mo ti bù ú. Màmá jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n jẹ́wọ́? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Màmá ló ń pè mí ní yàrá yìí, wọ́n ní inú ń run àwọn.