Ọ̀rọ̀ Tí Ìyá Àgbà Sọ ní Ibùdókọ̀

Chigusa ọmọ mi,

Ṣé òtútù Tokyo ò wọ ọ́ lára jù? Kí àwọn baba wa tó wà lórí pẹpẹ ilé máa ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí o yéé fi núdù inú ike ṣe oúnjẹ alẹ́. Àwa náà wà. A ti so èso kákì rọ̀ sábẹ́ òrùlé kó gbẹ, àmọ́ àwọn ọ̀bọ ti jí níbẹ̀, wọn ò tiẹ̀ ro tìrẹ mọ́ ọn.

Ní ti ìwé àṣekágbá rẹ lórí èdè abúlé wa, mo gbé fóònù tí o fi ránṣẹ́ síwájú ìyá àgbà, mo tẹ ibi pupa tí o ní ó ń gba ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè máa dá sọ̀rọ̀ bíi wèrè. Àfi bí ọmọbìnrin kan tó ń gbé inú rẹ̀ ṣe dáhùn, ó ní òun ò gbọ́, kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un sọ. Ìyá àgbà ní ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ ilé, pé ìlú ńlá tí wọ́n bí i sí ni kò jẹ́ kó gbọ́ èdè wa, wọ́n sì bu tíì fún un. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, títí fóònù fi kọ ọ́ sójú pé inú òun ti kún. Mo pa á, kí ohun tó jẹ lè dà.

O tún ní ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ kan fún ọ, ìsàlẹ̀ ìwé ni wàá kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ìyẹn ò dùn mọ́ mi rárá. Ìyá mi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi sísàlẹ̀. Bá olùkọ́ rẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kó jẹ́ kí wọ́n wà lókè.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé nìyí. Nígbà tí o wálé nígbà ooru, o bi ìyá àgbà ní ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ibí ń sọ tí àárò ẹnì kan bá ń sọ wọ́n, tí wọ́n sì mọ̀ pé onítọ̀hún ò ní í dé lónìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò sí irú ẹ̀, kí o jẹun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a wá wọn tì nínú ilé. Mo sáré dé odò, mo sáré dé ibojì. Orito awakọ̀ bọ́ọ̀sì ló pè mí, ó ní wọ́n wà ní ibùdókọ̀, wọ́n wọ kìmónò òde, yìnyín ti funfun léjìká wọn. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ní ọmọbìnrin inú fóònù ò dáhùn mọ́, ó ti lọ mú ọ wá nìyẹn.

Mo ní ká máa lọ, pé bọ́ọ̀sì ìkẹyìn ti kọjá. Wọ́n wo ọ̀nà títí, wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ náà. Mo gbọ́ ọ kẹ́yìn ní kékeré mi, nígbà tí bàbá mi lọ ṣiṣẹ́ ọ̀nà ní Tokyo lásìkò yìnyín. Ó dà bí ìgbà téèyàn fa èémí sínú, tó wá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí, kò ṣe é kọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un sọ sínú fóònù. Wọ́n ní ṣé irú ìyẹn lèèyàn ń fi ṣeré ni.

Tó bá ku nǹkan lọ́wọ́ rẹ nínú owó ilé ìtajà tí o ti ń ṣiṣẹ́, má fi ránṣẹ́ sí wa, fi wọ ọkọ̀ ojú irin wálé. Mo mọ̀ pé tí o bá dé, wọn ò ní í ní ìdí láti sọ ọ́ mọ́, àlàfo á sì wà nínú ìwé rẹ. Kó wà níbẹ̀. Ìwọ ṣáà máa bọ̀.

Kí yìnyín má dí ọ̀nà rẹ.

Èmi bàbá rẹ,
Tokuji