Ẹja Bàbá Títílọpẹ́ Tí Ó Kọ̀ Láti Lúwẹ̀ẹ́ ní Ẹ̀pẹ́

Agboolé àwọn tí ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́ ni a ti bí bàbá wa, Olóògbé Mojúbàolú Abọ́dúnrìn, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1948. Dáúdà Abọ́dúnrìn ni bàbá wọn. Ọláwùmí, tí ń yan ẹja, ni ìyá wọn. Ilé-ìwé míṣọ́n ni wọ́n ti di onígbàgbọ́.

Ní ọdún 1976 wọ́n gbé Ìbíjọkẹ́ níyàwó. Wọ́n ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú títí di ọdún 2003. Nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ń sinmi, Bàbá ra ìwé, wọ́n kọ́ bí a ti ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà.

Ní ọdún 2007, wọ́n ṣèlérí eré ẹja, èyí tí a ó ti máa lé ẹja mú lórí kọ̀ǹpútà, fún àwọn ọmọdé ìjọ wọn ní Ẹ̀pẹ́, fún ọjọ́ ìkórè. Lórí kọ̀ǹpútà ilé, tí ó ń lo Windows, ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ dáadáa. Lórí ti ìjọ, tí ó ń lo ètò ìdarí mìíràn tí ń jẹ́ Linux, òkùnkùn biribiri. Bàbá rò pé ojú kọ̀ǹpútà ìjọ ló bàjẹ́, wọ́n gbé ti ilé lé itan nínú ọkọ̀ dé Ẹ̀pẹ́. Òkùnkùn kò yẹ̀. Màmá ní ẹja tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú pálọ̀ ní Ìkòròdú, tí ó wá dé etí ọ̀sà tí ó kú, àfi kí a yan án.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá kò jẹun dáadáa mọ́; wọn kò fẹ́ kí ọmọdé pe àwọn ní òpùrọ́. Ní àgbàlá ilé wọn ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n ń bá Màmá kó ẹja yíyan. Bàbá béèrè àtẹ, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n da ẹja sórí yanrìn.

Màmá ní, “Bàbá Títílọpẹ́, ẹ béèrè àtẹ, ẹ ò dúró kí n dá yín lóhùn. Ta ló ní mo ti gbé e kalẹ̀?”

Bàbá fi ẹja sílẹ̀ fún adìyẹ, wọ́n gba ilé ìjọ lọ. Ohun tí eré wọn ń ṣe nìyẹn: ó ń ní kí kọ̀ǹpútà tẹ́ ojú ibi tí àwòrán yóò hàn, kì í sì í dúró gbọ́ pé ó ti tẹ́ ẹ. Windows a máa tètè dáhùn. Linux a máa pẹ́ díẹ̀, ẹja á sì já sí òfìfo. Bàbá kọ ìlà mẹ́ta péré pé kí ó dúró.

Lọ́jọ́ ìkórè, ẹja lúwẹ̀ẹ́. Dùnsìn, ọmọ ìjọ kan tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, mú un lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó sì sọ fún Bàbá pé ẹja wọn ti lọ́ra jù. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì ṣèlérí èyí tí ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n parí rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejì, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, Olúwa pè wọ́n. Wọ́n fi Màmá Ìbíjọkẹ́ sílẹ̀, àti àwọn ọmọ wọn, Títílọpẹ́ àti Ọláwuyì, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún. Màmá ń lé ẹja tuntun náà láràárọ̀. Wọn kò tíì mú un.

Ẹ sùn re, Bàbá Títílọpẹ́. Kí ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ tẹ́ yín lọ́rùn.