Bàbá Gbọnrangandan, Ọ̀gá Ihò Títọ́ Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Ọdún 1944 ni wọ́n bí Bàbá wa, nínú ilé kan tó kọjú sí omi. Kàfíńtà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ni bàbá wọn, aránṣọ ni ìyá wọn, àwọn méjèèjì kò sì fẹ́ràn ohun tó bá wọ́. Ìyá a tú aṣọ tí ojú rírán rẹ̀ kò bá gún, bàbá a tú pákó. Ẹni bíni là á jọ.

Wọ́n jáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1958, wọ́n sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, níbi tí wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń fi máṣíìnì gbẹ́ irin. Ní 1963, wọ́n ríṣẹ́ sí ọgbà tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Iṣẹ́ wọn ni láti gbẹ́ àwọn ihò tí ọ̀pá irin ń gbà kọjá, láti ìdí ẹ́ńjìnnì dé ibi abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lábẹ́ omi. Bí àwọn ihò náà kò bá bá ara wọn dọ́gba, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, èrò inú rẹ̀ á sì máa pe orúkọ Olúwa. Bàbá a ta wáyà tín-ín-rín la àárín ihò já, wọn a di ojú kan, wọn a ní, “Ó kù díẹ̀.” Bó bá wá pé, wọn a ní, “Gbọnrangandan.” Bí orúkọ yẹn ṣe mọ́ wọn lórí nìyẹn.

Àárọ̀ kùtù nìkan ni wọ́n ń gbẹ́ ihò. Wọ́n ní bí oòrùn bá ti pa ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀, irin ibẹ̀ á wú, ohun tó tọ́ lọ́sàn-án á sì wọ́ lálẹ́.

Wọ́n gbé Màmá wa níyàwó ní 1970. Nínú fọ́tò ọjọ́ náà, ojú kan ni Bàbá dì: wọ́n ń wò ó bóyá àga ṣọ́ọ̀ṣì tò dáadáa. Wọ́n sin Ọlọ́run tọkàntọkàn. Àwọn ló ń to àga kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì máa ń tún un tò nígbà tí pásítọ̀ bá ń gbàdúrà lọ́wọ́. Ládùúgbò, wọ́n tún ilẹ̀kùn tó ń há ṣe fún gbogbo èèyàn, yálà wọ́n pe Bàbá tàbí wọn kò pè wọ́n.

Ní 2014, ojú Bàbá kò ríran dáadáa mọ́. Ọmọbìnrin wọn kejì, tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ tipẹ́, ló fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù ihò gbígbẹ́ tí Bàbá ti dá sílẹ̀ fúnra wọn, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kọ̀ ní àwọn kò ní gbé iṣẹ́ fún obìnrin. Ó dun Bàbá dọ́kàn, torí wọn kò fẹ́ kí iṣẹ́ náà kú. Ọlọ́kọ̀ èrò kan tó ń kánjú ló wá gbé ọkọ̀ rẹ̀ fún ọmọ náà, ó sì ní kó gbẹ́ ihò lọ́sàn-án gangan. Ó dáhùn pé, “Ẹ má bínú, sà, ó di àárọ̀.” Ọkùnrin náà lọ fẹjọ́ sun Bàbá. Wọ́n ní, “Ẹ lọ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Èmi ń sinmi.”

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọlọ́kọ̀ kọ̀ láti wọ ọkọ̀ ara rẹ̀. Bàbá àti Màmá ló wọ̀ ọ́. Orí pákó tó bo ọ̀pá irin gan-an ni Bàbá jókòó sí, ibi tí ìdí èèyàn ti ń kú bí ihò bá wọ́. Kí ọkọ̀ tó dé àárín omi, wọ́n ti sùn lọ. Màmá ní òun mọ oorun ọkọ òun, kì í ṣe oorun ẹ̀tàn. Nígbà tí ọkọ̀ padà dé, tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, ìhanrun Bàbá ni ọlọ́kọ̀ gbọ́ létí omi. Kí Bàbá tó jí, ó ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ kejì fún ọmọbìnrin náà láti ṣe.

Bàbá pa ipò dà nínú oṣù Kẹta ọdún 2023. Wọ́n fi Màmá sílẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti àrọ́mọdọ́mọ kan. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù wà lára wọn, iṣẹ́ sì kún ọwọ́ rẹ̀.

Màmá ní yàrá ti dákẹ́ jù. Ẹ máa sùn o, Bàbá. Kò sí ohun tó máa mì yín jí.