Rọ́bà Tó Ń Jinná

Màámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́ kòkó. Ara mi le koko! Rọ́bà tuntun là ń ṣe ní Pólàǹdì níbí: bí ẹ bá fi ọ̀bẹ là á, kílẹ̀ tó mọ́, ojú ibẹ̀ á ti lẹ̀ pọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá wa ní ọ̀bọ ló bí mi. Ẹ̀yin ló ń bú yẹn! Mo fẹ̀ṣẹ́ fọ́ ọ lẹ́nu, eyín méjì bọ́ sílẹ̀. Ló bá fa ọ̀bẹ ìgérọ́bà yọ, ó la ọwọ́ mi bí ẹni ń la kòkó, ó la rọ́bà abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Rọ́bà ti jinná.

Ẹ kí gbogbo Ifẹ̀wàrà. Ẹ má ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́, ọwọ́ òsì ni mo fi kọ̀wé sí yín. Òun ló ṣẹ́kù.

Èmi Elisha yín.