Gíga Tó Yẹ Kí O Gbé Màmá Kọjá Òkè

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ìkókó tó ti gba oorun lójú ẹ̀yin méjèèjì. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín ní àlàáfíà. Ara tèmi náà le, àfi ẹ̀yìn tó ń ro mí díẹ̀díẹ̀. Kíkọ́ èèyàn ní ọkọ̀ òfurufú wíwà kì í ṣe iṣẹ́ ìjókòó lásán.

Mo ti wo àwòrán ọ̀nà tí o fi ránṣẹ́, èyí tí o fẹ́ gbà fi ọkọ̀ òfurufú rẹ wá gbé Màmá níbí lọ́jọ́ Sátidé kí wọ́n lè wá wo ọmọ. O yà á dáadáa. Orí òkè tó wà láàárín ọ̀dọ̀ rẹ àti ọ̀dọ̀ wa níbí nìkan ló kù díẹ̀ káàtó. O ní wàá fi ẹgbẹ̀rún kan ẹsẹ̀ bàtà ga ju ṣóńṣó rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ títẹ́jú nìyẹn wà fún. Níbi tí òkè bá wà, ẹgbẹ̀rún méjì ni, ó kéré tán, orí èyí tó ga jù lọ́tùn-ún lósì ọ̀nà rẹ la sì ti ń wọ̀n ọ́n. Tí atẹ́gùn bá le, fi kún un.

Mo mọ ohun tó fà á. Ojú mi ló ṣe nídìí tábìlì nígbà tí o sọ pé, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní gbé yín ga, ẹ óò máa rí òrùlé àwọn èèyàn." Màmá tí kì í gun àkàbà, ìwọ àbígbẹ̀yìn wọn tí kì í fẹ́ kí wọ́n fajú ro! Ìfẹ́ ni, mi ò bá ọ jà. Àmọ́ òkè ò mọ ẹni tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, oníṣègùn eyín, kọjá lórí òkè yẹn gan-an. A ga bó ṣe yẹ. Bí a ṣe bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, atẹ́gùn tó ń ya wálẹ̀ tẹ̀ wá mọ́lẹ̀. Mo fún ẹ́ńjìnnì ní gbogbo agbára rẹ̀, síbẹ̀ ìsàlẹ̀ là ń lọ. Ká tó bọ́, a ti pàdánù ju ẹgbẹ̀rún kan ẹsẹ̀ bàtà lọ. Oníṣègùn tó ń ní kí gbogbo ayé la ẹnu, tirẹ̀ ò ṣeé là mọ́. Ẹ̀rù ba èmi náà. Fi gíga tìrẹ ṣe ìṣirò yẹn kí o wò ó.

Jọ̀ọ́, tún ọ̀nà náà yà. Bí ìkùukùu bá bo òkè, ṣẹ́rí padà, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o sọ fún Màmá pé ìlérí yẹn ti yí padà.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ọmọ náà á mọ ìyá bàbá rẹ̀ dáadáa.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tó ń retí rẹ.

Mo gbàgbé: Màmá wọlé bá mi bí mo ṣe ń ká lẹ́tà yìí, wọ́n bi mí léèrè ohun tí mo kọ sí ọ, mi ò sì lè purọ́ fún wọn. Wọ́n wá ní, "Sọ fún un pé kó gbé mi ga. Màá di ojú mi. Awakọ̀ tí ò lè sọ fún mi pé rárá ló ń bà mí lẹ́rù."