Fíìmù Mẹ́ta Tí Kì í Ṣe Ẹ̀dà Ara Wọn

Thamesmead Moorings,
Lọ́ńdọ̀nù.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta, ọdún 1993.

Kabirat, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Alhaji, mo kí Màmá, mo sì kí gbogbo ilé kú ààwẹ̀. Mo lérò pé ẹsẹ̀ Màmá ti ń fúyẹ́. Ara Faiz le, ara tèmi náà le. Inú ló ń bí mi, ṣùgbọ́n ààwẹ̀ kò jẹ́ kí n wí i bó ṣe yẹ.

O rántí fíìmù fọ́tò mẹ́ta tí o bá lórí tábìlì mi nígbà tí o wá kí mi níbí ní oṣù Kìn-ín-ní, tí o sì bá mi tún yàrá ṣe. Dúdú àti funfun ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kùrukùru kan náà tó wà láàrin àwọn ìràwọ̀ ni mo sì yà sí wọn. Mo fi gíláàsì pupa bo ojú kámẹ́rà fún àkọ́kọ́, aláwọ̀ ewé fún èkejì, búlúù fún ẹ̀kẹta. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ kan bá gbé wá, èkejì kò gbé e. Ìgbà tí a bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sórí bébà kan ni kùrukùru náà tó lè fi àwọ̀ rẹ̀ hàn. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níbi àfihàn kíláàsì fọ́tò ìrọ̀lẹ́ wa ní Woolwich nìyẹn.

Ìwọ ní tìrẹ, o hùwà ọmọlúàbí: fọ́tò tó bá pọ̀, a máa ń há a fún ẹbí àti ọ̀rẹ́. O fi ọ̀kan sílẹ̀ fún èmi tí mo ni ín, o fún Felicia ní Plumstead ní ọ̀kan, o sì gbé ọ̀kan lọ sí Ìbàdàn kí Màmá lè rí i pé ọ̀rẹ́ rẹ ń ya ọ̀run. Nígbà tí mo tẹ̀ ọ́ láago, o ní, "Waheedah, ṣebí mẹ́ta ni, ọ̀kan náà sì ni wọ́n?" Ó dára, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí ẹnìkan bá bí ìbẹta, kí a yára pín méjì fún aládùúgbò.

Inú Bíbélì ni mo ti bá ti Felicia, níbi Ìfihàn. Ó ní, "Mummy Faiz, àwòrán ọ̀run ni Kabirat pè é. Níbo ni kí n tún fi í sí?" Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì gbà á padà.

Pupa ló wà lọ́dọ̀ rẹ. Ojú ọ̀run kò mọ́ níbí láti ìgbà náà, n kò sì lè ya òmíràn. Láìsí pupa, kùrukùru mi rí bí omi ẹ̀fọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé e kọ́ lánàá. Mo fi férémù òfìfo kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara pé pupa ń gbé ní Ìbàdàn, lọ́dọ̀ Kabirat. Férémù yẹn ni èrò pọ̀ sí jù.

Àfihàn náà yóò wà títí ìparí oṣù Kẹrin. Lékan àbúrò rẹ ní òun ń bọ̀ níbí lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀. Fi fíìmù náà sáàrin páálí méjì, kí o fi rán an sí mi, má ká a, má sì kọ àdúrà sí i lẹ́yìn.

Bá mi kí Màmá, kí o sì fi ọ̀wọ̀ gba fíìmù náà lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ tí pupa bá dé ni n óò yọ orúkọ rẹ kúrò lára ògiri.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò tíì dárí jì ọ́ tán,
Waheedah