Ìdí Tí O Kò Fi Ní Rí Bàbá Nínú Fíìmù

                                        Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Crestmoor,
                                        Cheverly, Maryland,
                                        Amẹ́ríkà.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1996.

Adébùnmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé Màmá ti ń jẹun dáadáa láti ìgbà tí wọ́n ti yọ eyín wọn? Wọlé ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti gbà á padà síbi iṣẹ́? Mo kí gbogbo ilé yín ní Mọ́kọ́lá, títí kan ajá yín tí kò fẹ́ràn mi yẹn. Ara tèmi náà le. Ànti Kúlísúmù tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn ń tọ́jú mi dé ibi tí iṣẹ́ ọsibítù bá gbà wọ́n láyè dé. Òtútù ti bẹ̀rẹ̀. Ní kíláàsì, kò sí ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ àfi olùkọ́ kan tó ń pè mí ní Ábì. Mo ń jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà rẹ dé ní Ọjọ́bọ̀. O ní Màmá ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé Bàbá yín ni olórí òṣèré nínú fíìmù tí iléeṣẹ́ wa ṣe, pé ẹ ti yá tẹlifíṣọ̀n ńlá lọ́wọ́ àwọn ará ìsàlẹ̀, pé bí kásẹ́ẹ̀tì bá ti dé nígbà Kérésì, inú àgbàlá ni tọmọdé tàgbà yóò ti wò ó. Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ń kà á. Mo kà á títí mo fi gbàgbé láti sọ̀kalẹ̀ níbi iṣẹ́ ní Capitol Heights, ọkọ̀ sì gbé mi dé òpin ọ̀nà.

Adébùnmí, ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Ojú Bàbá kò sí nínú fíìmù náà. Bàbá fi Ọlọ́run bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún yín, ṣùgbọ́n n kò lè jẹ́ kí Màmá máa wá ojú ọkọ wọn kiri níwájú gbogbo ará àdúgbò.

O mọ̀ pé ọ́fíìsì Bùrọ̀dá Múdàṣírù ni mo ti ń gbé tẹlifóònù lẹ́yìn kíláàsì. Iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ó ń bá àwọn òṣèré wáṣẹ́. Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ eré tó gbé Bàbá wá ti padà sílé tí Bàbá sì dúró, Bùrọ̀dá ló ń wá iṣẹ́ fún wọn: ìtàn sísọ nílé ìwé àwọn ọmọdé, ìpolówó lórí tẹlifíṣọ̀n, irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Òun náà ló sì ń gbèjà wọn. Nígbà kan, àwọn kan tó ń polówó mọ́tò ní kí Bàbá bọ́ aṣọ, kí wọ́n mú ọ̀kọ̀ dání, kí wọ́n dúró sínú yìnyín. Bàbá kàn wo Bùrọ̀dá lójú. Bùrọ̀dá mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ nílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ á máa lọ." Wọn ò tíì dé ìdí ọkọ̀ tí àwọn èèyàn náà fi sáré tẹ̀lé wọn pẹ̀lú kúbùsù àti ẹ̀bẹ̀. Bí Bàbá bá ń sọ ọ́, wọ́n á ṣe bíi Bùrọ̀dá, wọ́n á ṣe bí òyìnbó, wọ́n á tún ṣe bíi mọ́tò tí kò fẹ́ ṣíná. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ẹ̀pà nínú ìwé. Àwọn nìkan ló ń pè mí ní Abibat ní kíkún nílùú yìí, yàtọ̀ sí Ànti.

Ní oṣù karùn-ún, Bùrọ̀dá ní ó tó gẹ́ẹ́, pé títí dìgbà wo lòun yóò máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn tó ń ṣe fíìmù. Ó ní àwa náà yóò máa wá owó fíìmù, a ó máa ṣe é, a ó máa tà á fún tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n yí pátákó ẹnu ọ̀nà padà, a sì fò sókè. Fíìmù àkọ́kọ́ dá lórí bàbá arúgbó kan tó wá wo ọmọbìnrin rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí ọmọ náà kò sì ṣílẹ̀kùn fún un. Bàbá ni wọ́n fún ní ipò bàbá náà. Ìgbà yẹn ni Bàbá kọ̀wé sí yín.

Nígbà tó yá, owó kò tó. Dókítà Felix, ọmọ ilẹ̀ wa kan tó ń tọ́jú eyín, tó kọ́ ilé ńlá sí Clinton, sọ pé òun yóò gbé gbogbo ìnáwó rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: òun ni yóò ṣe bàbá náà. Èmi ni mo tẹ ìwé àdéhùn. Mo mọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí Bàbá tó mọ̀. Mo ń jẹ ẹ̀pà wọn, mo sì dákẹ́.

Ní ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ fún Bàbá, Dókítà ń rẹ́rìn-ín, kò ní ibi nínú. Ó ní, "Dádì, ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi o. Mo máa tètè mọ̀ ọ́n." Bàbá wo Bùrọ̀dá lójú bí wọ́n ṣe máa ń wò ó. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lórí tábìlì. Bùrọ̀dá ń wo ìwé. Nílé wa, alárinà kì í gbé ìyàwó fún ara rẹ̀, nítorí ta ni ìyàwó yóò wá fẹjọ́ sùn? Bàbá wò ó títí, wọ́n wá yíjú sí mi. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, Adébùnmí: Bàbá, ẹ dìde. Ó dé ètè mi. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n á mu tíì.

O ó ti rí i pé 'ó' ni mo ń lò fún Bùrọ̀dá nínú lẹ́tà yìí, kì í ṣe 'wọ́n'. Ọwọ́ mi ló kọ̀.

Wọ́n ya fíìmù náà tán, ṣùgbọ́n Dókítà ti pẹ́ jù nílùú yìí, ọ̀rọ̀ Yorùbá ń kọsẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí a wò ó, àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. Bùrọ̀dá ní kí Bàbá wá fi ohùn tiwọn rọ́pò ohùn Dókítà, ṣùgbọ́n wọn ò ní kọ orúkọ wọn síbẹ̀. Mo rò pé Bàbá yóò bínú. Wọ́n ní, "Ẹ gbé e wá. Bó ṣe ń sọ ọ́ yẹn, ó ń dun ọ̀rọ̀ náà."

Ọjọ́ mẹ́rin la fi wà nínú yàrá kékeré kan, tí Bàbá ń wo ẹnu Dókítà, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí i, tí mo ń bá wọn ṣí ìwé. Níbi tí bàbá náà ti dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń fi oríkì pe ọmọ rẹ̀, Àjọkẹ́ ni wọ́n kọ sínú ìwé. Bàbá bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́," oríkì tìrẹ. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ará Amẹ́ríkà tó wà nídìí ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀. Bùrọ̀dá mọ̀ ọ́n. Ó wolẹ̀, ó ní kí wọ́n má tún un ṣe mọ́.

Láti ọjọ́ náà Bàbá kò wá sí ọ́fíìsì. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, wọ́n ń ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Mo bi wọ́n ìgbà tí wọn yóò padà sílé, wọ́n ní, "Kí ni n ó ní mo wá ṣe?" Àwọn ilé ìwé ṣì ń tẹ̀ wá láago pé àwọn ń wá baba onítàn yẹn. Bùrọ̀dá ní kí n sọ pé a kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo sì ń sọ ọ́.

Bá mi kí Wọlé. Bá mi kúnlẹ̀ fún Màmá, kí o ní mo bẹ̀ wọ́n. Ẹ dá tẹlifíṣọ̀n ńlá yẹn padà fún àwọn tó ni ín.

Bí kásẹ́ẹ̀tì náà bá dé, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ó ku ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan, kí ẹ sì kẹ́yìn sí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Bàbá yóò pe Àbẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọmọ inú fíìmù kò dá wọn lóhùn. Ìwọ, jọ̀ọ́, jẹ́ ẹ.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹnu rẹ̀ wúwo,
Abibat.